Dúró-tì-mí Inú Ọgbà Fidencio

Ẹni tó bá mọ Etelvina Chanta kì í bá a du ewé. Lọ́dọ̀ wa ní Shimbulla, níbi tí kùrukùru ti ń bo òrùlé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, òun ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ bá bí nǹkan bá dojú rú. Ìgò ààbò ló ń ṣe. Á ki ewé tútù etí adágún sínú ìgò funfun, á da lọ́fínńdà àti ṣúgà sí i, á fi irun ẹni tó ni ín sí i, á wá dé e pa. Bí ewé inú ìgò bá ń tutù yọ̀yọ̀, ara ẹni náà le. Bó bá dúdú, kí ará ilé rẹ̀ yáa máa wá pákó pósí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ sókè ni pé Etelvina tún ń ṣe ìgò mìíràn. Dúdú ni ti ọ̀hún. Inú adágún ni wọ́n ń jù ú sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọn kò fẹ́ kó jí mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ tó mọ ìdí ìwòsàn, ó mọ ìdí ikú pẹ̀lú? Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé, Arcelio, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó pòtétò lọ sí etíkun. Ìgò Arcelio ló wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Màríà, òun ni obìnrin náà sì ń kọ́kọ́ wò kó tó fọ ojú. Ó lè pa ìlú run nítorí ọmọ yẹn, kó sì padà sílé wá jẹun àjẹyó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ìgò náà súnmọ́ iná, ó rí i pé etí ewé kan ti dúdú. Kò dúró fọ ojú mọ́.

*

Ewé tó wà nínú ìgò náà ni à ń pè ní Dúró-tì-mí. Ewé kékeré ni, ó rí hùrùhùrù bí etí ọmọ àgùntàn, òun ló sì ń di èèyàn mú sáyé. Ibì kan ṣoṣo ló kù tó ti ń hù, ní kòtò olómi kan létí Adágún Opó, kò fẹ̀ ju pápá tí ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Àwọn ará ìjọba ti wá fi wáyà yí i ká, wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn mọ́. Wọ́n fi Fidencio Labán ṣe olùṣọ́ ibẹ̀.

Fidencio pàápàá ti ṣe oníṣègùn rí. Idà tó fi ń lé ibi ti dípẹtà lábẹ́ ibùsùn, ó ní òun kò fẹ́ ariwo mọ́. Òun tún ni baba ìsàmì Arcelio. Òun ló gé irun ọmọ náà nígbà àkọ́kọ́, bí àṣà wa. Ìyá ran òwú pupa, wọ́n fi di irun náà, baba ìsàmì kó o sínú fìlà, ó sì dá nìkan gbé e lọ síbi tó wù ú. Ìyá kò gbọdọ̀ béèrè ibi tó gbé e sí, baba ìsàmì kò sì gbọdọ̀ sọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ọmọ á fọ́ bí ìkòkò. Etelvina kò béèrè. Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà, wọ́n mu ọtí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní kómpádè àti kómádè, bí ìyá ọmọ àti baba ìsàmì ti ń ṣe, ọdún sì gorí ọdún. Ta ló tún ń rántí irun ọmọdé?

Láàárọ̀ náà Etelvina gun òkè lọ bá Fidencio lẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

"Kómpádè, ẹ káàárọ̀ o."

"Áà, kómádè! Kùrukùru yìí kò jẹ́ kí n rí i pé ẹ ń bọ̀. Rosaura! Bu àgbàdo sísè wá, kómádè dé!"

Rosaura, ìyàwó rẹ̀, yọrí láti inú ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Wàràkàṣì tuntun wà."

"Oúnjẹ kọ́ ló gbé mi wá," ni Etelvina wí. "Ewé díẹ̀ ni. Ìgò Arcelio ti ń dúdú."

Ẹ̀rín kúrò lójú Fidencio. "Ta ló wá já nínú ìdí ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta dúdú? Mo rí ojú ọ̀bẹ lára rẹ̀."

Etelvina mọ ẹni tó já a. Òun náà ni. Ó ti yọ́ wọbẹ̀ nínú kùrukùru, ó gé ẹ̀kúnwọ́ kan fún oníbàárà kan tó wá láti etíkun.

"Bóyá ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ tó ń lo ọ̀bẹ? Ẹyẹ yẹn gbówọ́ o!" Fidencio súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kómádè, mo bẹ̀ yín. Ẹ já ohunkóhun lórí òkè yìí, n ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí ewé kan yẹn nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Kì í ṣe torí ìjọba. Torí tiyín ni."

"Torí tèmi? Lọ́nà wo?"

"Ẹ má bi mí."

"Ẹ má bi mí kẹ̀!" Etelvina kàn fi ẹ̀rín ṣe é. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó jókòó ti ewé ìyè, tó ní kí ọmọ òun máa kú lọ! Kò jẹ nínú àgbàdo Rosaura.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Arcelio pè é lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù o. Bíréèkì ló já lórí ìsọ̀kalẹ̀. Mo fi ọkọ̀ gbá òkè ni ó tó dúró."

"Yéè! Ṣé o fara pa?"

"Rárá. Ikọ́ kan ṣáá ló ń dà mí láàmú. Ẹ gbàdúrà fún mi."

Ó ju fóònù sílẹ̀, ó mú ẹ̀wù Arcelio kan tí kò tíì fọ̀, ó wọ ilé ìdáná. Níbẹ̀ ni àwọn kúyì wa ń sáré kiri lábẹ́ àga, àwọn eku ńláńlá tí a ń sìn fún ẹran tí a sì ń fi wo àrùn. Ó mú èyí tó dúdú jù, ó fi í ra ẹ̀wù náà láti ọrùn dé etí, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, títí kúyì náà fi ké tó sì rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó là á.

Àmì dúdú wà lórí ọkàn rẹ̀, lápá òsì. Apá òsì, ti ẹbí ni. Lọ́dọ̀ wa gbogbo oníṣègùn ló ń ka àmì yẹn bákan náà: ọwọ́ tó ń pa ẹni yìí, ó ti gbé e jó nígbà ọmọdé.

Ta ló ti gbé Arcelio jó rí? Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá bàbá rẹ̀ ti kú. Rosaura kò mọ oògùn. Ẹnì kan ló kù.

"Fidencio," ni Etelvina wí. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. Kò sí ìgbà kan tó wò ó pé òun náà wà lára àwọn tó gbé ọmọ náà jó.

*

Ó padà lọ sí ọgbà nígbà tí kùrukùru pọ̀ débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ti yí padà. Wọ́n gbé ọ̀pá igi dúdú kan dábùú rẹ̀, wọ́n so òdòdó funfun mọ́ ọn, wọ́n sì fọ́n àgbàdo funfun sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ yíká. Etelvina mọ iṣẹ́ náà: ìdènà ni. Fidencio ti tún fọwọ́ kan ohun èlò rẹ̀.

"O sì ní o ti ṣíwọ́," ni ó wí lábẹ́ ẹnu. "Òpùrọ́ àgbà."

Ó da omi tábà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fà á sí ihò imú méjèèjì títí ojú rẹ̀ fi ṣe omi. Ó fẹ́ ìyókù lu ọ̀pá náà, ó pe orúkọ tí kò ṣeé kọ sílẹ̀, ó tẹ àgbàdo náà mọ́lẹ̀, ó sì kọjá. Nǹkan kan rọra mí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta dúdú, ìdí Dúró-tì-mí náà jókòó jẹ́ẹ́ bí adìyẹ tó sàba. Ó gé ẹ̀kúnwọ́ méjì. Bí ọ̀bẹ ti kan ewé ni ẹ̀jẹ̀ bọ́ láti imú rẹ̀ sórí òkúta, tó, tó, tó. Ó sáré kúrò níbẹ̀.

Ó kó ewé tuntun náà sínú ìgò Arcelio. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó kù ẹyọ kan. Fóònù sì dún. Ọ̀rẹ́ Arcelio ni, awakọ̀ bíi tirẹ̀. Ó ní ibà ti dá Arcelio dùbúlẹ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń ní kí wọ́n yéé fa òun nírun.

Etelvina fi ọwọ́ lu àyà. "Fidencio, o pe ikú wá. Ó ti dé bá ọ."

*

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé òkè, ẹ má bi mí bí wọ́n ti ń ṣe ìgò dúdú. Ilẹ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa tẹ̀ ni wọ́n ń bù sí i, ilẹ̀ tó ṣì ní ojú ẹsẹ̀ lára, kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Fidencio kì í bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀hún sì ní àwòrán ìràwọ̀. Gbogbo Shimbulla ló mọ ìràwọ̀ yẹn nínú ẹrẹ̀.

Láàárọ̀ kùtù Etelvina ba sẹ́yìn ilé Fidencio. Ó rí ojú ẹsẹ̀ oníràwọ̀ tó jáde láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ilé màlúù, ó tutù, ó mọ́ kedere. Ó fi ṣíbí bù ú bí ẹni bu ọbẹ̀ fún àlejò. Ní ọ̀sán ó dúró létí Adágún Opó, ó ju ìgò dúdú náà sómi. Omi gbà á láìdún. Kò tilẹ̀ mì rárá.

Ó lọ sílé, ó dín wàràkàṣì, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú pòtétò, ó sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Agogo ìjọ ló jí i. Ó dìde, ó wé gèlè dúdú tó ti yọ sílẹ̀ láti àná, ó jáde sí ìta. Domitila, aládùúgbò rẹ̀, ń bọ̀ lójú pópó tòun tẹkún.

"Màmá Etelvina, ẹ gbọ́ ohun tójú ń rí! Rosaura mà ni!"

"Rosaura wo?"

"Rosaura Fidencio! Ó ń fún wàrà lọ́wọ́ ni ó ní òtútù ń mú òun láti àtẹ́lẹsẹ̀. Òtútù náà gun orúnkún, ó gun ìbàdí. Nígbà tó dé ọkàn, ó tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, màmá! Ó dúdú bí èédú!"

*

Etelvina gbé pòtétò apẹ̀rẹ̀ kan lọ síbi òkú. Ó sunkún dáadáa. Àwọn obìnrin ń bọ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń pín kọfí. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, Domitila ń gba apẹ̀rẹ̀ irúgbìn lọ́wọ́ Fidencio pẹ̀lú ipá.

"Ẹ gbé e wá, Bàbá Fidencio. Àwa la ó gbìn ín fún yín. Opó kì í gbin nǹkan títí ọdún á fi yí po. Ohun tí opó bá gbìn, òkú rẹ̀ ló ń bá lọ. Ẹ ò fẹ́ kí ebi pa yín ni?"

Fidencio jọ̀wọ́ rẹ̀, ó wọlé wá jókòó. Wọ́n ti so ọ̀já dúdú mọ́ fìlà rẹ̀.

Ojú Etelvina ń wá nǹkan kan kiri inú yàrá náà, ó sì rí i: bàtà rọ́bà, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ó dúró ní kọ̀rọ̀.

"Bàtà ta nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó ronú.

Fidencio gbójú sókè. Ó wo bàtà náà.

"Bàtà mi ni, kómádè. Tirẹ̀ ti lu, omi ń wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ àná àti láàárọ̀ yìí ó ní kí n sùn díẹ̀ sí i, ó wọ tèmi lọ fún wàrà." Ó wo ojú Etelvina, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi béèrè?"

"Kò sí o. Mo kàn rò ó pé ẹ̀yin ni... pé bàtà yẹn tóbi."

"Ó tóbi," ni Fidencio wí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Lójú ọ̀nà, Etelvina kò kábàámọ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Rosaura ti fún un ní wàrà nígbà tí ọmú rẹ̀ gbẹ, Rosaura ti bá a tọ́jú ọmọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìgò kan ti ṣòfò. Lẹ́yìn náà ó ronú pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kò ní lágbára láti ṣọ́ ewé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

*

Òótọ́ ló rò. Lẹ́yìn ìsìnkú wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀pá dúdú kò sí níbẹ̀ mọ́, àgùntàn ń wọlé wọ̀de. Arcelio náà sì pè.

"Màmá, ibà ti rọ̀ díẹ̀. Mo ń bọ̀ wálé lónìí, kí ẹ fọwọ́ yín tọ́jú mi. Ẹ gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ìgbà tí mo bá dé ìgun Àgbélébùú, n ó tẹ hóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí mo ti máa ń ṣe."

"Rọra wà á o, ọkọ mi. Rọra."

Ó gbé ìkòkò kaná. Ó wo ìgò: ewé kan ṣoṣo ló ṣì tutù. Kí ni ó tún ń gé ewé díẹ̀díẹ̀ sí? Ó pinnu pé òun máa tu gbogbo ìdí náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò, òun á kó o sínú ìgò ńlá, ọmọ òun kò sì ní mọ àìsàn mọ́ títí yóò fi hu ewú. Ó gun òkè lọ. Kùrukùru ti ń bọ̀.

Fidencio jókòó lórí òkúta kan nínú ọgbà, ó gbé ọwọ́ lé itan. Etelvina dúró.

"Ẹ wọlé, kómádè. Mo ti ń retí yín láti àárọ̀."

"Ewé ni mo wá já."

"Mo mọ̀. Ẹ já a."

"Ẹ ò ní dá mi dúró?"

"Mo ti bẹ̀ yín rí. Ẹ rántí?"

Ó bojú wo ilẹ̀ bóyá àgbàdo wà, bóyá òdòdó wà. Kò sí. Ọkùnrin yìí ti tán, ni ó rò, ó ti di ẹyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta dúdú, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ ẹrẹ̀, ó di ìdí Dúró-tì-mí mú. "Arcelio," ni ó ń wí, "Arcelio, Arcelio," bí a ti ń pe orúkọ ẹni tí à ń já ewé fún. Gbòǹgbò náà le. Ó dún pà, pà, bí ó ti ń já. Ó fà á yọ.

Nǹkan kan ń mì láàárín gbòǹgbò náà. Ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò. Irun ni, ìdì irun kékeré kan, ó rọ̀, ó dúdú, gbòǹgbò ti gba inú rẹ̀ kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òwú pupa ni wọ́n fi dì í.

Ó mọ òwú náà. Ìka rẹ̀ ló ran án.

"Kómpádè," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Kí lèyí?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Irun tí mo gé, tí mo fi fìlà gbé. Ibi tó ti lè dàgbà láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án ni mo wá, mo sì rò pé mo rí i."

Ẹ̀kúnwọ́ tó kọ́kọ́ gé. Bíréèkì tó já. Ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ibà. Ọwọ́ tó ti gbé e jó. Gbogbo rẹ̀ dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì pariwo.

"Tún un gbìn! Fidencio, mo bẹ̀ ọ́, tètè tún un gbìn! Ọwọ́ baba ìsàmì nìkan ló lè gbìn ín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ mi nìkan." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ọ̀já dúdú tó wà lára fìlà rẹ̀. "Ṣé kí n gbìn ín, kómádè? Ẹ̀yin lẹ bí i. Ohun tí opó bá gbìn, ẹ mọ ẹni tó ń bá lọ. Rosaura fẹ́ràn ọmọ yẹn. Inú rẹ̀ á dùn tó bá rí i."

Etelvina gbé ìdí ewé náà mọ́ àyà. "Má fọwọ́ kàn án! Má fọwọ́ kàn án!" Lẹ́yìn náà ó tún ń tì í sí i: "Gbà á, gbà á, ṣe nǹkan kan sí i!" Lẹ́yìn náà ó tún fà á mọ́ra. "O lè sọ fún mi! Ìkà, o jókòó síbẹ̀ yẹn, o ń wò mí!"

"Nígbà tí irun wà nílẹ̀, bí mo bá sọ ọ́, ọmọ á fọ́. Láàárọ̀ yìí mo rò ó pé n ó dá yín dúró. Mo rò ó gidi. Mo ní bí ẹ bá mú ọ̀bẹ wá, bí ẹ bá gé díẹ̀ bí èèyàn, n ó dìde." Ó mi orí. "Ọwọ́ méjèèjì lẹ fi tu ú."

Gbòǹgbò náà ti ń gbẹ létí. Etelvina tutọ́ sí i, ó fi omijé ra á, ó ń mí èémí sí i bí ẹni ń fẹ́ iná.

Nísàlẹ̀ òkè, láti ìgun Àgbélébùú tó wà lórí ọ̀gbun, hóònù ọkọ̀ akẹ́rù dún.

Obìnrin náà kọjú sí ọ̀nà. Fidencio náà gbé etí sókè.

Ó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Kùrukùru ti bo ọgbà, ó ti bo ojú ọ̀nà. Etelvina kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di irun náà mú, kò mí. Ó retí ẹ̀kẹta. Ó retí rẹ̀ títí ewé ọwọ́ rẹ̀ fi rọ. Nígbà tó yá ohun kan wó lókèèrè, ó pẹ́ kó tó wó tán, ajá gbogbo Shimbulla sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Fidencio dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ máa lọ sílé, kómádè," ni ó wí. "Omi ọbẹ̀ yín á ti máa hó."